Fótò Kò Yọwọ́

Má fún mi ní àga! Mo ní má fún mi ní àga, n ò wá jókòó. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kó ẹrù, bí ẹ̀yìn mi yóò bá sinmi, kì í ṣe lórí àga tí àwọn oníbàárà rẹ máa ń jókòó sí. Bàbá wà nínú ọkọ̀ níta. Bàbá wa, bàbá tó bí èmi tó bí ìwọ, mo ti gbé e dé. Fóòmù rẹ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀, àpótí aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ike tó ń tọ̀ sí nìyí, gbà á. Gbà á, kì í jẹni! Inú sítúdíò yìí ni yóò máa sùn, níwájú aṣọ ńlá tí wọ́n ya òdòdó àti omi tó ń ṣàn sí yẹn, níbi tí àwọn ọkọ àti ìyàwó máa ń dúró sí. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, kò ní mọ̀ pé ọ̀dà lásán ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé èmi lò ń bi pé kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ wá bá mi gbọ́ o! Ilé wó, Fótò. Ilé Bàbá wó. Wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ òkè òkúta ẹ̀yìn ilé lọ́sàn-án àná láì fọn fèrè, láì kìlọ̀ fẹ́nikẹ́ni, ògiri ẹ̀yìn tó ti ń lanu látọjọ́ yìí sì dùbúlẹ̀ gbọọrọ sórí ibùsùn ọkùnrin yẹn. Ohun tó kó o yọ ni pé òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó ti táràrà dé ẹnu ọ̀nà pé kí n bu omi fún òun. Omi tútù ló gba bàbá rẹ là, kì í ṣe ìwọ. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ mi ló bá mi kó bíríkì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, eruku bò wá débi pé a ò dá ara wa mọ̀. Bàbá dúró síbẹ̀, ó ń fọwọ́ tá afẹ́fẹ́ níbi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀. Ògiri tí òun fúnra rẹ̀ mọ, tí èmi ru omi rẹ̀, tí ìwọ ṣì ń rákò nígbà náà! Ó ń wá a bí ẹni ń wá bọ́tìnnì tó já bọ́.

Ọ̀gá Òkúta ló fọ́ òkè, ìwọ kọ́? Háà, òótọ́ nìyẹn. Òun ló ni ẹ̀rọ, òun ló ni ẹ̀tù, òun ló ni àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń mi ilé wa bí wọ́n bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n ta ló ṣílẹ̀kùn fún un? Ṣebí ọkùnrin káńsù kan máa ń wá tẹ́lẹ̀, á dúró lẹ́sẹ̀ òkè, á ní kí wọ́n fọn fèrè, á ní wọn ò gbọdọ̀ yin ẹ̀tù tó pọ̀ ju báyìí lọ? Ó ti wá kẹ́yìn. Látìgbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú wa ti fa Ọ̀gá Òkúta kalẹ̀ fún ipò alága káńsù, kò tíì búra, kò tíì jókòó sórí àga, ọkùnrin yẹn ti ń bá a gbé báàgì. Ta ni yóò bi alága ọ̀la pé kí ló ń ṣe lónìí?

Àfi bí o bá fẹ́ kí n rán ọ létí bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jáde fún tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ wa láti ṣe alága káńsù. Ọ̀gá Òkúta jáde kí ẹnikẹ́ni má baà dá òkè rẹ̀ dúró. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí jáde, ó ní ọjọ́ tí òun bá wọlé ni òkè yẹn máa sinmi. Ìwọ náà ti jáde ṣáájú nọ́ọ̀sì. Ìwọ náà ní wàá dá a dúró, n ò purọ́ mọ́ ọ. Ẹ̀yin méjèèjì ń kọ orin kan náà, àmọ́ nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ láàárín èrò, ìwọ ń kọ ọ́ nínú balùwẹ̀. Gbogbo ìlú sì mọ̀ pé ẹni tí ẹgbẹ́ wa bá ti fà kalẹ̀ ti wọlé tán, ìdìbò tó kù, àṣehàn ni. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ò ní ju àsíá kan àti akọ̀wé kan lọ, akọ̀wé náà sì máa ń sùn.

Mo mọ ohun tó tàn ọ́. Kò sẹ́ni tí o kò yà rí nílùú yìí. O ya ọmọ tuntun, o ya ọmọ iléèwé, o ya àwọn tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, o ya òkú nínú pósí. Bí o bá sì ń kọjá lọ, wọn á ní Fótò, Fótò, eyín wọn á funfun báláú. O wá rò pé ìfẹ́ ni! Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni? Látọjọ́ tí o ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó dúró níwájú rẹ tí o kò bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó gbé àgbọ̀n sókè. Wọ́n sì ń ṣe é kí àwòrán wọn lè dára, kì í ṣe nítorí tìrẹ. Ẹ̀rín tí o fẹnu ara rẹ tọrọ lo lọ kà sí ìbò!

O ní nígbà wo gan-an ló yẹ kí o ti yọwọ́? O ò mọ̀? Jẹ́ n sọ fún ọ. Ó yẹ kí o ti yọwọ́ lọ́jọ́ tí o pe ìpàdé ìpolongo nínú ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Àga pọ̀ ju èèyàn lọ débi pé àwọn tó wá ń na ẹsẹ̀ sórí àga kejì. O ń sọ̀rọ̀ lọ, ò ń ju ọwọ́, ò ń ní "Ẹ̀yin èèyàn mi!" Ẹni tó ni àga bá wọlé, ó ní ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń dúró de àga òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run jẹ́rìí mi, ńṣe làwọn èèyàn ń dìde fún un tayọ̀tayọ̀! Ọkùnrin kan tiẹ̀ bá a gbé lára wọn jáde, kò sì padà wá mọ́. Ìwọ ò dákẹ́. Ò ń bá ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ dorí kodò, èmi ń wo bàtà mi, mo ń gbàdúrà kí òjò rọ̀.

Bí ìyẹn bá yá jù, nígbà tí awakọ̀ tó ń gbé ọ kiri, tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo orúkọ rẹ dé gbogbo títì, sọ̀ kalẹ̀ tó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kí ni bùọ̀dá yìí tiẹ̀ fẹ́ ṣe gan-an?" ńkọ́? Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà, o ní alákọrí ni. Ọjọ́ tí mo rí ìyá kan tó rọra ń ṣí pósítà rẹ kúrò lára ògiri ńkọ́? Inú mi dùn, mo ní a ti rí ẹni kan tó fẹ́ràn rẹ, mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ gbé e kọ́ nílé ni?" Ó ní rárá o, ọmọ mi, eku ń gba ihò kan wọlé, òun fẹ́ fi dí i ni. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, mo bá a ṣí i.

Gbogbo ìyẹn, ó ṣì ṣeé gbé mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wá bá ọ ńkọ́? Ibí yìí ló jókòó sí, èmi náà wà níbí. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ̀bí tán ni, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní, "Bùọ̀dá Fótò, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn mi ò tó ti Ọ̀gá Òkúta, ó sì kù díẹ̀ náà ni. Díẹ̀ yẹn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ yọwọ́, ká jọ da tiwa pọ̀, kí ẹ sì wá ṣe igbákejì mi." Ó kúnlẹ̀! Obìnrin tó gbẹ̀bí ìdajì ìlú yìí kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì yìí fún ọ! Kí lo sọ fún un? Sọ ọ́ kí n tún gbọ́. O ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Kí ẹni tó bá ń kánjú gba ẹ̀gbẹ́ kọjá." Ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó ní ó dáa, ó ní kí n kí àwọn ọmọ. Kò tiẹ̀ bínú. Èmi ni mo tẹ̀ lé e dé títì, tí mò ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé èmi ni mo fọ́ àwo.

Kí ló dé tí òun náà ò yọwọ́ fún ọ? Fótò, má jẹ̀ẹ́ kí n bú ọ kọjá bó ṣe yẹ o. Bí ọ̀nà bá há, ẹni tó wà níwájú kọ́ ni wọ́n ń ní kó padà, ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń yà. Ọmọ tó ń ti táyà kiri àdúgbò mọ èyí.

Onígbàjámọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ló kì ọ́ láyà. Mo mọ̀, mo mọ̀. Òun ló ń fá irùngbọ̀n rẹ tó ń sọ sí ọ létí pé ó kù díẹ̀, ìlú ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, ojo ló ń yọwọ́, ọkùnrin ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Abẹ wà lọ́rùn rẹ, o ò lè mi orí, o bá gbà á gbọ́. Ìyàwó rẹ sọ fún ọ kó o yọwọ́, o ní obìnrin ò mọ òṣèlú. Mo sọ fún ọ, o ní mò ń ṣe ìlara. Ìlara! Èmi! Kí ni mo fẹ́ fi àga káńsù ṣe, kí n gbé màṣíìnì lé e lórí? Ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ nìkan ló wọ̀ ọ́ létí. Ṣé o sì rí ẹ̀yìn ẹni tí onígbàjámọ̀ dúró sí lọ́jọ́ ìdìbò ẹgbẹ́? Gbogbo wa la rí i. Fìlà Ọ̀gá Òkúta ló dé. Ó juwọ́ sí ọ.

Ọjọ́ yẹn! Gbọ̀ngán iléèwé kún fọ́fọ́, afẹ́fẹ́ ò wọlé. Alága ẹgbẹ́ ní kí ẹ̀yin mẹ́ta dúró síwájú, kí aṣojú kọ̀ọ̀kan lọ tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́ ní gbangba, kí wọ́n kà wá. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ yọwọ́ ṣì lè yọwọ́ báyìí o." Ó tún un sọ. Ojú rẹ ló ń wò. Nọ́ọ̀sì náà wò ọ́. Ọ̀gá Òkúta pàápàá wò ọ́, ó fa áńkáṣífù yọ, ó ń nu ọrùn, torí ó mọ̀ pé bí o bá ṣí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀sì, ó parí fún òun nìyẹn. Ẹsẹ̀ kan! O gbé àgbọ̀n sókè, o wo òkè àjà.

A bá tò. Ìlà Ọ̀gá Òkúta lọ títí ó fi kan ilẹ̀kùn. Ti nọ́ọ̀sì fẹ́ẹ̀ gùn tó o, à ń na ọrùn, à ń wò ó. Tìrẹ... Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n tún rí irú ẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ, àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ tí ojú ń tì láti sá, àti baba arúgbó kan tó ń bi wọ́n pé ṣé ibí ni wọ́n ti ń pín omi. Wọ́n kà á tán. Ohun tí Ọ̀gá Òkúta fi ju nọ́ọ̀sì lọ ò tó àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ! Àwọn èèyàn tí wọn ò lè kún ilé ìdáná kan, àwọn gan-an ni ì bá gbé nọ́ọ̀sì wọlé. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ó lọ fata sẹ́nu. Ìwọ nìyẹn.

Ta ni? Èmi? O ní èmi náà ò dúró sẹ́yìn rẹ? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kó o sọ ọ́! Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì ni mo wà. Èmi aṣojú àwọn aránṣọ, èmi ọmọ ìyá rẹ, mo kọjá níwájú rẹ, mo gbọ́ tí o rọra ń pè mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibí ni o," bí ẹni tó rò pé mo ṣìnà. Mo gbọ́. Mo ṣe bí adití. Ìlà tí ògiri Bàbá wà ni mo tò sí. Tún pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ kí n gbá ọ létí báyìí, bó o ṣe tóbi tó yìí! Ta ló pọ̀n ọ́ nígbà tí Ìyá kú? Ta ló rán aṣọ iléèwé rẹ láti ara ìgékù aṣọ oníbàárà, apá ọ̀tún àwọ̀ kan, apá òsì àwọ̀ kan, tí o sì wọ̀ ọ́ yan? Ta ló ní kí o lọ kọ́ fótò nígbà tí Bàbá ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni? Gbogbo ayé mi ni mo ti fi dúró sẹ́yìn rẹ. Ọjọ́ kan péré tí mo dúró sẹ́yìn ẹlòmíràn, a ò pé, nítorí ìwọ!

Síbẹ̀síbẹ̀, ǹ bá ti dárí jì ọ́. Èèyàn ń ṣàṣìṣe, òṣèlú ń gun èèyàn bí ibà, á sì lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e! Ọ̀gá Òkúta gbé ọwọ́ lé ọ léjìká níṣojú gbogbo wa, ó ní, "Fótò, o ṣeun o. Láìsí ìwọ, wọn ì bá ti gbé mi ṣubú." Ó ń fi ọ́ ṣẹ̀sín, ìwọ ń dọ̀bálẹ̀! Ó ní, "Ṣé o mú kámẹ́rà dání?" O mú un dání! O mú kámẹ́rà lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fi ọ́ ṣe alága! Kí lo fẹ́ fi ṣe, o fẹ́ ya ara rẹ ni? O fi orúnkún kan kúnlẹ̀, o di ojú kan, o ní, "Ọ̀gá, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín." Ó rẹ́rìn-ín o! Ó rẹ́rìn-ín tí gbogbo èrìgì rẹ̀ hàn síta. Àwòrán náà dára, n ò lè purọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mọ́. Òun ló wà lára gbogbo ọ̀pá iná báyìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri ilé wa. Ògiri iwájú, èyí tó kù.

Kí lò ń nù yẹn? Ojú ni? Ẹ̀n-ẹ́n, sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Máa sun ún, kó o sì máa ti àwọn àga yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí fóòmù lè ráyè wọlé. Bàbá ò lè sùn síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó máa ń wúkọ́. Kì í jẹ ohun tó gbóná, á jẹ́ kó tutù. Bó bá pè ọ́ tí o kò dáhùn, á dìde fúnra rẹ̀, á sì ṣubú. O ò mọ nǹkan wọ̀nyí, torí ọ̀dọ̀ mi ló ti ń gbé, ìwọ a kàn wá lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀, wàá ya fótò rẹ̀, wàá lọ.

Èmi ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó yọ̀ǹda yàrá kan fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, màṣíìnì mi àti èmi la fẹ́ẹ̀ lè wọ ibẹ̀. Nítorí náà, má bi mí pé títí dìgbà wo. Títí dìgbà tí òkè bá tán ni.

Dúró, dúró, má tíì jáde sí i. Ó ní ohun kan tó yẹ kó o mọ̀ kó o tó fojú kàn án.

Lọ́jọ́ tí mo ti gbọ̀ngán dé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró dè mí. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ọmọ mi ńkọ́?" Ojú tí kò ríran yẹn ń wò mí. Ìwọ, kí ni ò bá sọ? Mo ní, "Ó wọlé, Bàbá." Ó ní, "Mo mọ̀." Ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀, ó ń pa á, ó ń pa á. Tẹ́lẹ̀, mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa sùn ní pálọ̀, kó kúrò nídìí ògiri yẹn. Látọjọ́ yẹn, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ewu kí ló tún kù? Ó ní ọmọ òun ni alága, kò sẹ́ni tó máa fọ́ òkè mọ́. Bí wọ́n bá yin ẹ̀tù, tí àwo ń mì lórí tábìlì, á ní bóyá èyí tó kẹ́yìn nìyẹn, á ní wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ni, ọmọ òun ló ní kí wọ́n kó ẹrù wọn. Á yí ẹ̀yìn sí ògiri, á sùn.

Lánàá, mo ń gbọn bíríkì kúrò nínú irun rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ṣé ọmọ mi ṣì ni alága?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣé àṣẹ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí òkè?" Ẹnu mi ti há sínú irọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ló bá ní, "Kí ni mo fi ṣẹ ọmọ yẹn?"

Ó ń bi mí láti ìgbà náà. Nínú ọkọ̀ tí a gbà dé ibí, ó ń bi mí. Bóyá nítorí pé òun ní fótò kì í ṣe iṣẹ́ ni. Bóyá nítorí ẹgba tó nà ọ́ nígbà tí o fọ́ dígí. Ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, Fótò, ó fẹ́ mọ èyí tó ń dùn ọ́ tí o fi ní kí wọ́n wó ilé lé òun lórí.

Rárá, èmi kọ́ ni n ó sọ fún un. Ó ti rẹ̀ mí. Ìwọ ló máa sọ ọ́, pẹ̀lú ẹnu rẹ yìí, pé o ò wọlé, pé o ò súnmọ́ ọn, pé wọ́n bẹ̀ ọ́ kó o yọwọ́ o kò yọwọ́. Àbí kó o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa rò pé alága ni ọ́, o ṣáà ti fẹ́ kí ẹnì kan pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Mú èyí tó wù ọ́. Ó ń gbọ́ ohùn wa láti ibi tó jókòó sí.

Bàbá o! Ẹ̀yin Bàbá! Ẹ múra sílẹ̀! Alága ń bọ̀ wá gbé yín sọ̀kalẹ̀!